Ẹ̀ẹ̀rùn Mẹ́ta Tí Mo Fi Pe Ẹtu fún Bàbá Mi

Bàbá mi kì í lé ẹran. Ó máa ń sọ pé ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó bá ń sáré lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, orí rẹ̀ ti dàrú, kí wọ́n tètè wá okùn fún un. Ńṣe ni òun máa ń jókòó sídìí igi létí odò, yóò fi ìka méjì fún imú pọ̀, yóò fi ahọ́n ti ẹ̀yìn eyín òkè, yóò wá pe ẹtu. Ẹtu náà á sì wá. Ojú mi ló ṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àlọ́ ni.

Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí nilé wa. Igbó ìjọba tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n bàbá mi kì í dé ibẹ̀. Kò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Ìhà kejì ni tirẹ̀, níbi tí oko iṣu àti ti ọkà bàbà ti parí, tí igbó tín-ín-rín kan wá tẹ̀lé odò lọ. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo pápá bá ti jó, ibẹ̀ nìkan ló máa ń tutù, ibẹ̀ ni ẹtu máa ń sá sí.

Ohùn méjì ló wà. Ọ̀kan ni ti ọmọ ẹtu tí nǹkan mú. Igbe ni ìyẹn, bí o bá ké e, ìyá ló máa sáré jáde. Èkejì ni ti abo ẹtu tó ń wá akọ. Ìyẹn rẹlẹ̀, ó sì gùn, bí ẹni ń rọra bi èèyàn léèrè nǹkan. Akọ ni ìyẹn máa ń pè, òun nìkan sì ni bàbá mi ń lò. Ó ní ẹni tó bá fi ẹkún ọmọ tan ìyá pa, ẹran náà á há a lọ́fun, bó fi gbogbo omi odò Ògùn tì í.

Ọ̀kadà ló da gbogbo rẹ̀ rú. Bàbá mi ń ti ọjà Tẹ̀dé bọ̀, táyà yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó ṣubú, ó fẹnu lulẹ̀. Eyín òkè méjì lọ pátápátá, ìkẹta ṣẹ́ sí ààbọ̀. Ọgbẹ́ náà jinná, ara le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé tó padà sínú igbó, tó fún imú pọ̀ tó fẹ́ pe ẹran, atẹ́gùn ló ń gba ojú àlàfo eyín jáde. Ohùn náà wá dà bíi ti ewúrẹ́ tí ikọ́ ń bá jà. Oṣù méjì gbáko, kò rí ẹran kankan. Ó ní òṣùpá ò dáa. Ó ní àwọn tó finá sí pápá ti yá jù. Ó ní àwọn Fúlàní ti fi màlúù tẹ gbogbo ojú odò rú. Gbogbo nǹkan ló dá lẹ́bi àfi eyín.

Èmi nígbà náà, mo ti ka ìwé mẹ́wàá tán, mo wà nílé, mò ń bẹ ẹ̀gẹ́ fún ìyá mi tó ń ṣe láfún. Ọmọ ogún ọdún ó dín ọ̀kan ni mí, ẹnu mi kò sì dúró síbì kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi ti igbó dé, àpò rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Bó ṣe wọlé ni mo fún imú mi pọ̀ lẹ́yìnkùlé, mo ṣe bí ewúrẹ́ oníkọ́ yẹn gẹ́lẹ́, kí ìyá mi lè rẹ́rìn-ín. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Ìyẹn náà ló kó sí mi lórí. Mo ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe yẹ kó rí," mo wá pè é dáadáa, bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ láti kékeré nígbà tí bàbá mi bá ń dán ohùn wò lẹ́yìn ilé.

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo bojú wẹ̀yìn, bàbá mi dúró ní igun ilé. Mo ní ó parí, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ de ìgbájú. Ó kàn ní, "Tún un ṣe." Mo tún un ṣe. Ó yí padà, ó wọlé. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe kírun àsùbáà tán, ó ní kí n wá bá òun gbé àpò.

Ìyá mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ó ní, "Ọmọbìnrin tó dàgbà, tí kò tíì relé ọkọ, ẹ wá ń kó o lọ sínú igbó láti lọ fi ohùn abo pe akọ. Ṣé ó bójú mu?"

Bàbá mi ní, "Ẹran ló ń pè."

Ìyá mi ní, "Ibẹ̀ náà ló ti ń bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n wá jọ gbà pé a ò ní sọ fún ará ìta. Ẹni tó bá bi wá, àpò ni mò ń bá bàbá mi gbé. Ọdẹ tí ọmọbìnrin ń bá pe ẹran, wọn á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ètè mi là. Bàbá mi ní kí n fi gèlè pupa wérí. Ó ní ẹni tó bá ń fi ohùn pe ẹran ti di ẹran létí ọdẹ mìíràn. Ẹtu kò mọ pupa, ọdẹ ló mọ̀ ọ́n. Ó fi mí jókòó sídìí àràbà kan, òun náà jókòó tì mí, ó na ṣakabùlà rẹ̀ síwájú. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Lẹ́yìn náà, pa ẹnu mọ́. Bí o bá ń pè é lápèjù, á mọ̀ pé irọ́ ni."

Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, mo pa ẹnu mọ́. Èèrà ń rìn lójúgun mi, mi ò gbọdọ̀ gbọ̀n ọ́n. Ó pẹ́ débi pé mo ti ń ronú ohun tí màá sọ nígbà tí a bá délé lọ́wọ́ òfo. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi pátákò lu ilẹ̀, ó dúró. Ó tún lù ú, ó tún dúró. Orí rẹ̀ wá yọ láàárín ewé, ìwo kéékèèké méjì, imú tútù tó ń gbóòórùn kiri, ó sì ń wò mí. Mo ń sọ òótọ́ fún yín, kò sí ẹ̀dá kan tó tíì wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ló jí wá wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ìbọn dún. Bàbá mi ti fò dìde pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó ní "Bísímílà," ó dú u kí ẹ̀mí rẹ̀ tó bọ́, nítorí ilé wa kì í jẹ òkú ẹran. Mo sunkún. Ó wò mí, kò ní kí n dákẹ́. Ó ní, "Èmi náà sunkún tèmi àkọ́kọ́." Bí mo ṣe ń nujú ni mo ti ń bi í léèrè ọjọ́ tí a tún máa lọ.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta la fi ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ìgbà tí ayé mi dùn jù, mi ò ní ronú kí n tó fèsì. Kì í ṣe nítorí ẹran. Nílé, ọ̀rọ̀ tí bàbá mi ń bá ọmọbìnrin sọ kì í ju "bu iyọ̀ wá" lọ. Nínú igbó, ara rẹ̀ máa ń yá. Ó ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ fún mi, bó ṣe sá kúrò nílé kéwú, bí ìyá àgbà ṣe fi ìgbálẹ̀ lé e yí odi ká. Tí a bá fẹ́ jẹun, òun ló máa bó èèpo iṣu sísun tí a gbé dání, yóò gé e sí méjì, yóò fún mi ní apá tí iná ò jó, ibi tó funfun. Mo ti gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún kí n tó mọ̀ pé èèyàn tó ń pani lẹ́rìn-ín ni. Ọ̀rẹ́ la di, ọ̀rẹ́ gidi.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn kejì ni mo pàdé télọ̀ kan, ọmọ Tẹ̀dé, tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ọjà wa. Ó ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó sì máa ń fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu bá èèyàn sọ̀rọ̀ títí ẹ̀rù á fi bà mí. Mo gbé bùbá ìyá mi lọ fún un kó bá mi dín apá rẹ̀. Mo tún gbé òmíràn lọ. Nígbà tó yá, mo ń fa aṣọ tí kò ya ya kí n lè rí nǹkan gbé lọ. Ọ̀rọ̀ wa wọ̀ gan-an. Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bí kajú bá ti tán, àwọn èèyàn mi máa wá rí bàbá ẹ."

Mo ní, "Ṣé bàbá mi lo fẹ́ fẹ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín débi pé abẹ́rẹ́ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ fọwọ́ pa ilẹ̀ kiri tí a fi rí i.

Mi ò fi pamọ́ fún bàbá mi. Ta ni mo tún fẹ́ sọ fún bí kò ṣe ọ̀rẹ́ mi? Etí odò la wà, a ti pe ẹran títí, kò wá, à ń jẹun. Mo sọ fún un pé télọ̀ yẹn wù mí, pé àwọn èèyàn rẹ̀ máa wá tí kajú bá tán. Ó jẹ iṣu ẹnu rẹ̀ tán. Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Kó máa bọ̀." Inú mi dùn títí a fi délé.

Kajú tán. Wọ́n kó àpò tó kẹ́yìn lọ. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, a gbin iṣu. Gbogbo ọ̀kadà tó bá rọra dúró níwájú ilé wa, màá sáré yọjú wò ó. Kò sẹ́ni tó wá. Mi ò lọ béèrè. Ìgbéraga mi wà níbẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ igbó náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú: mo ti jẹ́ kó mọ̀ pé mò ń retí rẹ̀, ó kù kí n pa ẹnu mọ́. Nígbà tí mo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà ọjà, ó wolẹ̀, ó kí mi bí ẹni ń kí ìyàwó ẹlòmíràn, ó sì kọjá. Kí ọdún náà tó parí, ó ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Ṣakí. Mo gbọ́ pé ó gbéyàwó níbẹ̀. Mo ní kò burú, ẹni tí kò fẹ́ni, èèyàn ò lè fi okùn fà á. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Nígbà tí ó ku èmi nìkan, mo sunkún débi pé etí mi dí.

Bàbá mi ṣàánú mi púpọ̀ lọ́dún náà. Ó ra bàtà rọ́bà tuntun fún mi, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé àpò. Ẹ̀ẹ̀rùn kẹta yẹn la rí ẹran jù. Kí n sọ òótọ́, ohùn mi ti yí padà. Tí mo bá fún imú mi pọ̀, ẹtu kọ́ ni mò ń pè. Télọ̀ ará Tẹ̀dé yẹn ni mò ń pè. Àwọn akọ ẹtu á sì wá, wọn á ṣe mí láàánú, wọn á yọjú, wọn á máa wá ẹni tó ń pe ẹlòmíràn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo fẹ́ ọkọ mi sí Ìwéré-Ilé. Èèyàn rere ni, kì í pariwo, oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tóbi, ó sì fẹ́ràn àwọn ìbejì wa bí ojú. Mi ò ní ẹ̀sùn kan sí i lọ́rùn. Ọjọ́ tí mo lọ ni bàbá mi gbé ìbọn kọ́, kò sì sọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá ti dé, tí mo bá ń yan gàárì láàárọ̀ tí èéfín ń bo ojú mi, ọkàn mi máa ń lọ sétí odò yẹn. Ó ń wù mí kí n tún jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń wù mí kí nǹkan kan tún wò mí bí ẹtu àkọ́kọ́ yẹn ṣe wò mí. Obìnrin tó ti bí ọmọ mẹ́rin kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yìí síta, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Ọdún mẹ́tàlélógún kọjá. Ìyá mi ti di ẹni Ọlọ́run. Ẹsẹ̀ bàbá mi ò gbé e mọ́, orí ẹní ló máa ń wà lọ́ọ̀dẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, máa bọ̀. Ọdẹ kan ní òun fẹ́ gba ohùn tí a fi ń pe ẹtu sínú fóònù, kó má bàa parun. Ó rò pé èmi ló ń pè é láyé ìgbà yẹn. Mo ti sọ fún un pé ìwọ ni."

Mo ní, "Ẹ sọ fún un?"

Ó ní, "Mo sọ fún un."

Ó jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni! Mo wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún gun ọ̀kadà, eruku bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, mi ò bìkítà. Ọdẹ náà ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, ọkùnrin kan tó ti tó ogójì ọdún. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó pè mí ní ìyá. Ó gbé fóònù síwájú mi lórí àpótí. Èyí tí mo kọ́kọ́ pè, ìtìjú ni. Ọ̀fun mi ti gbẹ, èéfín gàárì ti bà á jẹ́. Ìkejì sàn díẹ̀. Ìkẹta ló jáde bó ṣe yẹ kó jáde, ó rẹlẹ̀, ó gùn, òbúkọ aládùúgbò kan sì dìde lábẹ́ igi odán, ó ń wò kiri. A rẹ́rìn-ín. Ọdẹ náà tẹ fóònù, ohùn mi jáde láti inú rẹ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó dúpẹ́, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Mo bojú wo bàbá mi kí n lè bá a ṣàwàdà. Omi ló wà lójú rẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n wá."

Mo ní, "Àwọn wo, Bàbá?"

"Àwọn ará Tẹ̀dé. Àwọn èèyàn télọ̀ yẹn. Kajú ò tíì tán dáadáa tí wọ́n fi wá. Ìyá ẹ ti lọ sí Ìsẹ́yìn lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà mi. Mo ní ẹlòmíràn ti so okùn mọ́ ọn."

Mo ní, "Ẹlòmíràn wo?"

"Kò sí ẹlòmíràn." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ẹ̀ẹ̀rùn kan péré ni mo ní lọ́kàn. Mo fẹ́ kí o bá mi pe ẹtu ní ẹ̀ẹ̀rùn kan sí i, lẹ́yìn náà màá ránṣẹ́ sí wọn pé okùn ti tú. Nígbà tí màá fi ránṣẹ́, ó ti gbéyàwó. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún ẹ mọ́."

Inú bí mi. Mi ò ní pa á mọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí bàbá dé ètè mi. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti tín-ín-rín lórí ẹní, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ro ti ọkọ mi, mo ro ti àwọn ọmọ mi, ojú tì mí. Mo sì ro ti àwọn àárọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kẹta yẹn, ìyẹn ló sì dùn mí jù, nítorí mi ò lè kórìíra wọn. Ọkùnrin yẹn ti ránṣẹ́ wá. Ó ṣe ohun tó wí. Èmi ni mo fi gbogbo ọdún yìí pè é ní òpùrọ́.

Mo ní, "Níbo lèmi wà lọ́jọ́ náà?"

Bàbá mi ní, "Ìwọ lo gbé omi fún wọn."

Mo rántí. Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan tó wọ aṣọ àdìrẹ, pẹ̀lú iṣu nínú apẹ̀rẹ̀. Mo rò pé àwọn tó ń ra kajú ni. Mo kúnlẹ̀, mo gbé omi fún wọn. Obìnrin náà gba ife lọ́wọ́ mi, kò tètè mu ún. Ó wò mí lójú títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé kí ló ń wò. Ìyá télọ̀ nìyẹn.

Mo ní, "Kí ló sọ nígbà tí wọ́n ń lọ?"

Ó ní, "Ó gbàdúrà fún ẹ. Ó ní omi ẹ tutù, pé ilé yòówù tí o bá wọ̀ á tutù."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní bàbá mi. Mo ṣe àmín.